Màámi, Ẹ Ti Fo Nọ́ńbà

Ìyá Atẹ̀wé tẹ bọ́tìnnì makiró, ètò kékeré tí ọmọbìnrin rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbi iṣẹ́, kó lè máa bá a yẹ nọ́ńbà inú ìwé wò.

Àpótí kan yọ lójú ẹ̀rọ: "Màámi, ẹ ti kọ nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n tún un ṣe?"

"Tún un ṣe, ọmọ mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣàṣìṣe rárá tẹ́lẹ̀! Kí ló dé tí nọ́ńbà yín ń rí wúruwùru báyìí?"

"Ẹ má bínú, sà. Ojú àgbà ni."

"Ètò yìí ló ti gbó. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká fi tuntun sí i."

Ìyá fi ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ. "Ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀! Mi ò ní ṣàṣìṣe mọ́."

Ọ̀gá mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá tún tẹ bọ́tìnnì. Ìwé ti tọ́, ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan. Ó dákẹ́ lọ gbári, bí ilé rẹ̀ ṣe ń dákẹ́.

Ó wẹ̀yìn wò. Ó pa nọ́ńbà márùn-ún rẹ́, ó tún bọ́tìnnì tẹ̀.

"Màámi, ẹ ti fo nọ́ńbà márùn-ún."

Látìgbà tí wọ́n ti sin ọmọbìnrin rẹ̀, kò sẹ́lòmíì tó ń pè é ní Màámi.