Òfin Méje Ìyá Ọ̀gá

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Ìyá Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì sọ fún ohùn rẹ̀. Kì í jà, kì í pariwo. Bí ọ̀rọ̀ kan bá dùn ún, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fún un ní nọ́ńbà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, pè é lórí fóònù pé òun àti ọkọ òun ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́ta, Ìyá Ọ̀gá ti tẹ òfin méje sórí bébà kan kí wọ́n tó dé. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kí itọ́ ọmọ má bàa bà á jẹ́.

Wọ́n jókòó sí pálọ̀, ọmọ ń sùn lórí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì. Fọ́tò kún ara ògiri: Ìyá Ọ̀gá nínú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè lẹ́ẹ̀mẹta, Ìyá Ọ̀gá láàárín àwọn olùkọ́ rẹ̀, àti nọ́ọ̀sì nínú aṣọ tuntun ilé-ìwé girama, tó ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó ṣìnà. Láti ibẹ̀ ni fọ́tò tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ọ̀gá po tíì fún wọn, ó da mílíìkì rẹpẹtẹ sí ti ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́, ó sì rọra ti ife náà síwájú ọkọ rẹ̀. Mílíìkì kì í bá a lára mu láti kékeré.

Lọ́jọ́ Ajé ni ìsinmi ìbímọ rẹ̀ máa parí. Ilé ìtọ́jú ọmọ tó wà ládùúgbò wọn ti kún títí dìparí ọdún. Ọ̀gá rẹ̀ nílé ìwòsàn sì ti fi ẹ̀rín sọ fún un pé bí kò bá dé lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíì á dé.

"Mọ́mì," ó bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni o."

"Mo mọ̀." Ìyá Ọ̀gá wọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ tẹ́tí sílẹ̀."

Òfin kìíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn kí aago mẹ́jọ tó lù. Èkejì: bí aago mẹ́rin bá ti lù, ọmọ ti di àlejò tó pẹ́ jù, ì báà máa sùn. Ẹ̀kẹta: Sátidé àti Sọ́ńdè kò sí nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹrin: òun kì í gba ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

"Bó bá jẹ́ ikọ́ díẹ̀ ńkọ́, mà?" ọkọ nọ́ọ̀sì bèèrè. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni. Ó ti fọwọ́ kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ rí, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rí báyìí lọ́jọ́ náà.

"Ikọ́ ni ikọ́ ń jẹ́." Ó ń bá a lọ. "Ẹ̀karùn-ún: ẹni tó bá sọ lórí fóònù pé òun ti wà lọ́nà gbọ́dọ̀ ti wọ bàtà."

Ó wò wọ́n lókè awò ojú.

"Ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn ọmọ-ọmọ mi. Àmọ́ mo ti tọ́ tèmi. Nígbà tí mo bí ẹ, mo ń kàwé, mo ń ṣiṣẹ́. Ta ni mo ké pè? Ẹni tó bímọ ló ń tọ́mọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ gan-an ò tiẹ̀ yọ èèyàn lẹ́nu. Àsùnmọ́jú lo máa ń sùn."

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

Ìyá Ọ̀gá ń wá òfin kẹfà lórí bébà, kò gbọ́.

Nígbà tó ka ẹ̀kẹfà àti èkeje tán, ó ti fi áńkáṣífù sí tòsí, nítorí ó mọ̀ pé ẹkún ló kàn. Nọ́ọ̀sì kò sunkún.

"Òfin yín dára, mà. Ọmọ tiwa ni, kì í ṣe tiyín. A ò kúkú wá gbé e fún yín. A wá sọ fún yín pé a ti rí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ ni."

Ìyá Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn kọ oúnjẹ, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n má bù ú fún un.

"Ta lẹni náà? Ṣé ó níwèé ẹ̀rí? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ọdún méjìlélọ́gọ́rin, mà."

"Arúgbó!" Ìyá Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ fẹ́ lọ di ọmọ lé arúgbó lórí! Ojú ò tì yín? Òfin wo lòun fún yín?"

"Ó ní ká má gbàgbé sálúbàtà òun sílé. Ìyẹn nìkan ni, mà. Ó wà nínú mọ́tò, ó ní kí òun na ẹ̀yìn díẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ti jáde lọ mú un wá. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin kúkúrú kan ló fi apá rọ̀ mọ́ ọn, tó ń mí gùle gùle. Ìyá Ọ̀gá fò dìde, eékún rẹ̀ kanlẹ̀ níwájú ìyá tó bí i kó tó mọ̀.

"Màmá! Ẹ káàbọ̀, mà."

"Ìyá mi, ẹ jókòó síbí," nọ́ọ̀sì wí, Ìyá Ọ̀gá sì rò fún ìṣẹ́jú kan pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀.

Arúgbó náà jókòó, ó gba ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gbé e lé èjìká, ó wá rẹ́rìn-ín sí Ìyá Ọ̀gá tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀: "Bí ìyá rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí lọ́jọ́ tó o gbé e wá bá mi lọ́mọ oṣù mẹ́ta, tó o ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, tó wá di ọdún mọ́kànlá."