Epo Ẹ̀wà Lọ́rùn Ọmọlángidi

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Kìtán ń fi gúlù lẹ orí ọmọlángidi rọ́bà yìí, orí tún yọ.

Ọwọ́ rẹ̀ làwọn tó ń kó irú ọmọlángidi bẹ́ẹ̀ jọ ládùúgbò Alágbàká gbójú lé, àmọ́ tòní kọ̀.

Ìyá tó gbé e wá láti Oǹdó kò jókòó. "Bọ̀dá, ẹ ṣàánú mi."

"Mọ́mì, epo ẹ̀wà ti wọ ọrùn ẹ̀, gúlù ò lè mú. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó yé fún un lóúnjẹ."

"Èmi ni mò ń fún un."

Kìtán gbójú sókè.

"Ọjọ́ tí orí yìí yọ ni ibà dá Táyé mi dùbúlẹ̀. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi." Ìyá náà nawọ́ sí ọmọlángidi náà.

"Kẹ́hìndé ẹ̀ lẹ gbé dání yẹn."