Ìjọ Ọládòṣù ní Osaka

Ìyá Ọládòṣù kò lè jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ẹ̀gbẹ́dá láàárọ̀ yìí.

Fóònù ẹ̀ ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ọmọ ẹ̀ tó wà ní Osaka, ní Japan lọ́hùn-ún, ló fi fọ́tò ránṣẹ́. Òun àti ọkùnrin mẹ́ta. Aṣọ funfun báláú, àmùrè nídìí, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan.

"Sùtánà rèé! Ẹsẹ̀ lásán rèé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ mi ti gbàgbé ìjọ, ẹ wá wò ó o!"

Ìyá Títílọpẹ́, tó sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ń wolẹ̀.

Wòlíì ní kí wọ́n pe ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, kí ìjọ lè kí ìjọ.

Ìyá gbé fóònù sẹ́nu makirofóònù.

"Dòṣù mi, báwo ni ìsìn tọ̀hún?"

"Ìsìn kẹ̀? Mọ́mì, ilé ìwẹ̀ nìyẹn jàre! Gbogbo Sátidé lèmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Àwọn ló ń fún èèyàn láṣọ yẹn. Tá a bá bọ́ ọ tán, gbogbo wa á wá wọnú omi gbígbóná ní ìhòòhò."



Ìyá Títílọpẹ́ gbójú sókè. Ẹ̀rín ti ń gbọ̀n ọ́n.

Ìyá Ọládòṣù yára pa fóònù, ó di makirofóònù mú.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará! Wọ́n ti ń ṣèrìbọmi! Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ gberin!"