Ìdí Tí Wọn Ò Fi Pe Orúkọ Waheedah

Mo fi Ọlọ́run tó ni ẹ̀mí mi búra, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní apá Woolwich nílùú ọba níhìn-ín, kò sí àbùmọ́ níbẹ̀. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ máa fi ránṣẹ́ kiri. Ẹ kà á tán ná. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń ṣe dáadáa níbì kan, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Alhaja Kabirat ń gbé ní Thamesmead, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tavy Bridge. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Waheedah, ọmọ gíga bí òpó iná, tí bọ́ọ̀lù agbọ̀n gbé dé yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó fẹ́ jáde, kóòṣì rẹ̀ sọ fún un pé àwọn tíìmù líìgì ńlá ti àwọn obìnrin ti ń bèèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n. Ní líìgì yẹn, ọmọ tuntun kì í yan tíìmù. Tíìmù ló ń yan ọmọ. Ọjọ́ kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, draft ni wọ́n ń pè é. Àwọn tíìmù tó fìdí rẹmi jù ni wọ́n máa ń fún láàyè níwájú, kí àwọn náà lè rí ọmọ gidi mú. Wọ́n á máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yíká mẹ́ta, ó tán. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà pọ̀ bí eṣú, àwọn tí wọ́n máa pè ò tó nǹkan. Bí wọn ò bá pè ọ́, o lè máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò, ṣùgbọ́n ìta lo wà. Torí náà, kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni, wọ́n á wádìí. Wọ́n á bi kóòṣì, wọ́n á bi dókítà, wọ́n á pe ilé. Ta ló ń ra ewúrẹ́ tí kò ní wo ẹsẹ̀ rẹ̀?

Waheedah ti fi orúnkún ṣèṣe rí, ó sì ti san. Ó ní kí ìyá òun máa retí ìpè tíìmù kan. Kí ìyá òun ṣáà sọ òótọ́ fún wọn, pé ara òun le, bọ́ọ̀lù lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

2.
Kabirat kì í ṣe èèyàn burúkú. Ayé ló ń bẹ̀rù. Bó bá fẹ́ rìnrìn àjò, ó di ìgbà tó bá débẹ̀ kó tó sọ. Nígbà tó lóyún Waheedah, ó ń sọ fún aládùúgbò pé afẹ́fẹ́ ló kún òun níkùn, títí ikùn fi jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ní Sátidé kan, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Felicia onídìrí ní Powis Street, àwọn obìnrin kan jókòó tì wọ́n. Fóònù dún. Ọkùnrin kan ni, ohùn Amẹ́ríkà. Ó kí i dáadáa, ó sì ń bèèrè Waheedah. Àwọn obìnrin náà yíjú sí i. Kabirat wo dígí, ó rí i pé ọwọ́ Felicia ti dúró sórí irun.

Ó rò ó pé etí ayé ti wà níbẹ̀. Ó fi òyìnbó dá ọkùnrin náà lóhùn ketekete, kí gbogbo wọn lè gbọ́, pé Waheedah ti pa bọ́ọ̀lù tì, orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń bọ̀ wá kọ́ nílé. Ọkùnrin náà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní òun lòun bí i. Ọkùnrin náà dúpẹ́.

Èrò rẹ̀ ni pé bóun bá dé ìta, òun á pè é padà. Nọ́ńbà náà ò hàn.

3.
Kabirat ò lè dá ọ̀rọ̀ náà gbé. Ó sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀, Ismaheel, tó ń wa takisí. Ismaheel kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Àǹtí mi, ẹ pe ọmọ yẹn báyìí. Àsìkò ṣì wà."

"Kí n ní kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Pé ẹ parọ́."

"Mi ò parọ́. Mo bò ó ni."

"Àwọn tó fẹ́ mú un lẹ wá bò ó mọ́ lójú?"

Kabirat ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún ní ó di ọ̀la. Bí Waheedah bá pè láti béèrè bóyá wọ́n ti pe ilé, á ní rárá o, bóyá wọ́n á pè. Lórí ìrun, ó ń gbàdúrà kí tíìmù mìíràn mú un.

4.
Wọ́n ṣe draft. Wọ́n pe yíká kìíní, wọ́n pe ìkejì, wọ́n pe ìkẹta. Wọn ò pe Waheedah.

Láàárọ̀, Kabirat dúró ní ibùdókọ̀ ní Harrow Manorway, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Felicia ń kọjá, ó wá kí i.

"Alhaja, ẹ pẹ̀lẹ́. A ti ń gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tipẹ́. Delight ọmọ mi ló fi hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn tíìmù ńlá ti ń bèèrè Waheedah. Ọjọ́ tí ẹ ní orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ yẹn, àánú yín ni ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀."

Ohun tó ń fi pamọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti mọ̀ ọ́n.

Bọ́ọ̀sì ò tíì dé tí Waheedah fi pè. Kò sunkún. Ó ní tíìmù tó fẹ́ mú òun ti bá aṣojú òun sọ̀rọ̀, pé ilé òun ni wọ́n ti gbọ́ pé orúnkún òun bàjẹ́, pé òun ti pa bọ́ọ̀lù tì, ọ̀rọ̀ náà sì ti tàn dé etí àwọn tíìmù yòókù. Kabirat bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ọ̀tá pọ̀, pé ta ló mọ ẹni tó lọ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọmọ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mummy, èèyàn kan ṣoṣo ni mo fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀yin ni."

Ó pa fóònù. Títí mo fi ń kọ èyí, kò tíì pe ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bo ọmọ yín lójú ayé, ẹ dákẹ́. Ẹ má fi ẹnu yín sọ ọmọ tó le di aláàbọ̀ ara níwájú ẹni tó fẹ́ gbé e ga. Bí ẹnu bá sì ti ṣì í sọ, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Ojú tì yín díẹ̀, ó tán. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ohun tí ọmọ náà sọ kẹ́yìn nìyí, mi ò fi nǹkan kan kún un: "Mummy, èèyàn kan ṣoṣo ni mo fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀yin ni."