Elégbè Yéjídé

Yéjídé kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oríkì ìyá ọkọ rẹ̀ ní gálárì kan ní Bódìjà. Ojú gbogbo èèyàn ló ti kọ́ ọ.

Ọ̀fẹ́ ni ètò ibẹ̀. Lóṣooṣù, àwọn ará àdúgbò á kóra jọ, wọn á kọrin, Démiládé tó ni gálárì náà á sì gbé fídíò wọn sára ògiri. Lóṣù yìí, oríkì láti ẹnu àwọn ìyàwó ilé ló fẹ́. Ẹnu wọn nìkan ni kámẹ́rà máa yà, kò ní ya ojú.

Yéjídé kì í fi oríkì yẹn ṣeré. Ọmọ Adó-Èkìtì ni. Nígbà tí Theophilus ọkọ rẹ̀ mú un délé wọn ní Òkè Àdó n'Íbàdàn, ìyá rẹ̀ wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní àjèjì ò lè mọ ìdí àwọn. Yéjídé bá lọ jókòó ti àwọn àgbà ilé títí ó fi mọ oríkì ìyá náà dénú. Àárọ̀ ọjọ́ tó fi kí i ni obìnrin yẹn kọ́kọ́ pè é ní ìyàwó. Ọmọ ò tíì dé. Oríkì yẹn ló fi ń jókòó láàárín wọn.

Démiládé ní ohùn kan ò tó, òun fẹ́ elégbè. Jẹ́jẹ́lọlá tó ń bọ̀ láti Agbowó nawọ́. Ó ní àwọn ará ilé ọkọ òun ò tíì mọ òun, òun ò sì mọ oríkì wọn.

"Ẹ fún mi lára tiyín, ìyáálé mi."

"Ìwọ yìí. Ọkọ mi ò lágbára obìnrin méjì o."

"Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Démiládé fi ní kí wọ́n dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di kòríkòsùn. Tí Theophilus bá fi mọ́tò gbé ìyàwó rẹ̀ wá, ẹnu géètì ló ń já a sí. Ó ní ariwo spíkà ń dun òun létí. Inú lọ́hùn-ún ni Jẹ́jẹ́lọlá máa ń wà nígbà náà, tí á máa wí oríkì yẹn lábẹ́ ẹnu. Ohùn Ìbàdàn tirẹ̀ bá a mu ju ohùn Èkìtì lọ. Yéjídé gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibì kan wà tí ẹ ń fò," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí lọ́jọ́ kan.

"Ti àárọ̀ nìyẹn. Orí ìkúnlẹ̀ la ti ń fi kí ìyá. Kì í ṣe ti fídíò."

"Ṣé ìdajì la ń kọ́ ni?"

Yéjídé kọ́ ọ ní ìyókù.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé tí ètò bọ́ sí, Jẹ́jẹ́lọlá ò wá. Ẹnu méjèèjì ń ki oríkì lára ògiri, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Yéjídé pè é, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ó pe Theophilus pé kó wá gbé òun, tirẹ̀ náà ò lọ. Ó rò pé ara ọ̀rẹ́ òun ni ò yá. Ó ra ọsàn, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbowó, ó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ní wákàtí yẹn, Òkè Àdó ni Jẹ́jẹ́lọlá wà, òun àti ọmọkùnrin tó bí fún Theophilus. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti ki ìyá láìfo ibì kankan, ìyá sì ti ní kí wọ́n sọ fún Yéjídé pé ìyàwó ilé ti dé.