Àwọn Igi Ọlọ́dà Funfun ti Odò Olókùúta

Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá sọ pé ó ti yé yín. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń ṣe alága ẹgbẹ́ kankan, kó tiẹ̀ fara balẹ̀ kà á.

1.
Lẹ́bàá Ute, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, odò kékeré kan wà tó ń jẹ́ Olókùúta. Igbó tó yí orísun rẹ̀ ká ni kì í jẹ́ kó gbẹ. Ibẹ̀ làwọn ọmọdé ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ibẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi tí kànga bá gbẹ.

Ọmọ́ṣaléwá, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti máa tọ́jú ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Ní Sátidé tó bá parí oṣù, fèrè á dún lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á jáde lọ ro ọ̀nà odò, wọ́n á ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n á gbin igi. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá gbọ́ fèrè kò gbọdọ̀ jókòó.

Wọ́n wá ní ó yẹ káwọn ní àgbàlagbà tó máa ṣe alága. Wọ́n mú Ọ̀gbẹ́ni Adékọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n gbé fèrè lé e lọ́wọ́.

2.
Alága ń kọ́ ilé ìgbafẹ́ kan sí ìsàlẹ̀ odò lásìkò yẹn. Kò sẹ́ni tó fura.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé garawa ọ̀dà funfun wá. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn onígẹdú ti ń fojú sí igbó wa. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dà kùn ìdí àwọn igi tó dàgbà jù yí ká. Igi tó bá ti ní òrùka lára, kí wọ́n mọ̀ pé ìyàwó oníyàwó ni."

Lateef, mẹkáníìkì ọ̀kadà, bú sẹ́rìn-ín. "Alága! Ìyàwó mélòó lẹ fẹ́ fẹ́ báyìí?"

Mọ́kàndínlógójì ni. Ìrókò, afàrà, arère, apá. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kùn ún. Ọ̀dà ta sí aṣọ Ọmọ́ṣaléwá, kò sì fọ̀ ọ́. Ó ní àmì ẹ̀yẹ òun ni.

3.
Nígbà ìsinmi ilé ìwé, Ọmọ́ṣaléwá lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Emure-Ile. Alága kéde pé kẹ́nikẹ́ni má dé orísun odò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, káwọn igi tuntun lè ta gbòǹgbò. Wọ́n gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgégi. Alága ní Elegbeka, ìlú tó wà nítòsí, ló ti ń wá. Àgbàlagbà ló sọ ọ́, wọ́n gbà.

Nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá padà dé, kùkùté ló bá. Hàmídù, ọkùnrin tó gé wọn, ń di ẹrù rẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gé e?"

"Alága yín ni, àǹtí. Ó ní èyí tó bá ti ní funfun lára ni tiwa. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kùn ún fún wa?"

Ó jókòó sórí kùkùté ìrókò, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

4.
Ọmọ́ṣaléwá lọ bá Alága nílé ìgbafẹ́ rẹ̀: ilẹ̀kùn tuntun, òrùlé tuntun. Èèpo igi ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká. Ọ̀dà funfun ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàbá, kí la fi ṣẹ̀ yín?"

"Igi ni o, kì í ṣe èèyàn. Àbí bàbá rẹ ló gbìn ín?"

"Ẹ dá fèrè wa padà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Fèrè alága ni. Tí mo bá fọn ún nísinsìnyí, gbogbo yín lẹ máa sáré wá bí ajá."

"Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa, sà. Ẹ máa nílò ẹ̀."

5.
Oṣù kẹwàá dé. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Kò sí igi tó lè dá omi dúró mọ́. Ọ̀sán Sunday ni Olókùúta ru, ó kó ẹrẹ̀ àti òkúta, ó kọjú sí ilé ìgbafẹ́.

Fèrè dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbogbo ẹgbẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù Lateef. Ṣèyíọlá, tó kéré jù nínú wọn, dìde. "Òfin ńkọ́?"

Ọmọ́ṣaléwá bi í pé: "Ṣé èèyàn wà nínú ilé yẹn?"

Ṣèyíọlá yọjú wo ọ̀nà ilé náà. "Rárá. Ìta ni Alága wà, lórí òkè. Àga ló wà níbẹ̀, àti fíríìjì, àti ilẹ̀kùn."

"Igi ni nígbà yẹn. Kì í ṣe èèyàn. Jókòó."

Ṣèyíọlá jókòó. Fèrè tún dún. Ó dún títí tí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ bí ògiri ṣe ń wó. Èèpo igi ọlọ́dà funfun ń léfòó kọjá lábẹ́ afárá tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lateef ń kà wọ́n sókè.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, Olókùúta gbẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ló ń gbé omi wá báyìí. Ìyà yẹn jẹ gbogbo wọn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, Alága náà ń gbé kẹ́ẹ̀gì tò sẹ́yìn pátápátá. Kò sẹ́ni tó ń yà fún un. Kò sẹ́ni tó ń kí i. Ẹgbẹ́ sì ti padà sí orísun odò, wọ́n ń gbin igi, láìní alága.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi fèrè yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí ewú orí rẹ̀. Igbó tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú, ẹ máa fojú ara yín wò ó, ẹ má fi etí gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi òógùn ọmọ ọlọ́mọ kọ́lé, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún yín lónìí lè di kíká lọ́jọ́ tí omi bá dé ẹnu ọ̀nà yín. Mi ò sì ní bá yín kẹ́dùn.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.