Igi Tí Dulcie Gé

Iná igbó ti kú, ṣùgbọ́n èéfín ṣì ń rú lórí òkè nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ̀wé sí ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Dulcie pé òfin kò gbà á láyè láti gé igi tó yí ilé rẹ̀ ká. Eérú ló rò pé òun máa bá.

Ilé náà dúró digbí. Kùkùté igi ló kún àgbàlá, ìyá arúgbó náà sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu tíì.

"Mà, ẹ gé e?"

"Mo gé e lóṣù tó kọjá. Ilẹ̀ tí mo fowó mi rà, ṣé ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Melbourne ló máa mọ̀ ọ́n tọ́jú jù mí lọ? Mú ìwé ìtanràn ẹ wá, jàre."

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, mà." Kò lè gbójú sókè. "Ọpẹ́ ni pé ẹ ò gbọ́ tèmi."

"Merv aládùúgbò mi gbọ́ tìẹ. Mo ní kó wá yá ayùn mi, ó ní o mọ ohun tó ò ń ṣe."

Ògiri kan ṣoṣo ló kù nínú ilé Merv nísàlẹ̀ ọ̀nà. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló ń gòkè bọ̀ yìí, eérú bò ó lójú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ṣí fìlà.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn. Àwọn igi tó jóná yìí, ṣé mo lè gé wọn báyìí, àbí kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín?"